Kérésì ní Ẹsẹ̀ Òkè Ṣábẹ̀ẹ́

Ọyẹ́ ti la ètè Bàbá Gbólágadé.
Ó ń fi òrí pa á, ó ń wo ògiri
níbi tí kàlẹ́ńdà ìjọ gbé kọ́,
ó ní, "Ìyá, ọjọ́ méjì ló kù."
Mo ní mo mọ̀.
Láti ọdún mọ́kànlélógójì tí mo ti di ìyàwó,
n kò tí ì ṣe Kérésì kan rí
tí n kò fi ọwọ́ ara mi tu ìyẹ́ adìẹ.

Àwa la kúkú ní a óò lọ.
Kò sẹ́ni tó tì wá.
Ìwé ìfẹ̀yìntì dé, ìjọ ní àwọn ń wá àgbà
tí yóò kọ́ àwọn ìyá ní ìwé kíkà ní Ṣábẹ̀ẹ́;
Bàbá ti nawọ́ sókè kí n tó rí bàtà mi wọ̀.
Àwọn ọmọ ní, "Ẹ̀yin àgbàlagbà yìí!"
A rẹ́rìn-ín, a di ẹrù, a sọdá.

Èdè ibí jọ tiwa bí àbúrò ṣe ń jọ ẹ̀gbọ́n:
imú kan náà, ẹ̀rín ọ̀tọ̀.
Mo ń ná iyọ̀ ní náírà, wọ́n ń dá mi lóhùn ní sẹ́fà.
Àwọn òkè dìde gbàǹgbà lẹ́yìn ilé wa
bí erin tó jókòó tí kò fẹ́ lọ mọ́.
Ojú irin tó ti dípẹtà na gbọọrọ sínú koríko;
ewúrẹ́ nìkan ló ń dúró de rélùwéè.

Ní òru àìsùn Kérésì, gáàsì tán.
Ìrẹsì ò jinná, kò sì ṣeé dà nù.
Mo jókòó ti ìkòkò, omi bọ́ lójú mi,
mo ní ọyẹ́ ni.
Bàbá kò jiyàn. Ó gbé ìkòkò, ó bọ́ sí àgbàlá kejì
níbi tí iná igi Ìyá Ṣàbí kì í kú.

Ìyá Ṣàbí, tó ń kírun nígbà márùn-ún lóòjọ́,
sọ ọkà rẹ̀ kalẹ̀ kúrò lórí ààrò fún tiwa.
Ó ní, "Àwọn ọmọ yín ńkọ́?"
Mo ní wọ́n wà ní Mọ́níyà, lẹ́bàá Ìbàdàn.
Ó dákẹ́. Ó ti igi kan wọná.
"Mọ́níyà. Ibẹ̀ ni Ṣàbí mi wà.
Búlọ́ọ̀kù ló ń gbá. Iléyá mẹ́ta, kò wálé."

Háà.
Ṣé n kò ti rí ọmọ yìí rí?
Ọ̀kan nínú àwọn ọmọkùnrin eléruku
tó ń kọjá lẹ́nu géètì wa nírọ̀lẹ́,
tí mo máa ń kí pé, "Ẹ kúuṣẹ́ o,"
tí n kì í béèrè orúkọ?
Mo sọdá ibodè kí n tó gbọ́ orúkọ ẹni tó wà lẹ́nu ọ̀nà mi.

Ní ìdájí, èmi àti Bàbá gun àpáta,
nítorí orí rẹ̀ nìkan ni fóònù ti ń gbọ́ràn.
Ọ̀pá rẹ̀ níwájú, ọwọ́ mi lẹ́yìn ẹ̀wù rẹ̀.
Gbólágadé ní, "Màmá, ẹ kú ọdún! Adìẹ ti..."
Mo ní, "Gbọ́ ná. Lọ síbi tí wọ́n ti ń gbá búlọ́ọ̀kù,
béèrè Ṣàbí, ará Ṣábẹ̀ẹ́.
Àga mi ni kó jókòó sí.
Itan ni kí o bù fún un, má bu ọrùn."

Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn ìyá mẹ́rin ka ìtàn ìbí Jésù,
wọ́n ń fi ìka tọ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan;
ó pẹ́ kí Màríà tó bí,
ṣùgbọ́n ó bí.

Nírọ̀lẹ́, àwa mẹ́ta la gun òkè.
Fóònù dún. Ohùn ọ̀dọ́mọkùnrin kan ní, "Ìyá mi?"
lẹ́yìn náà, kẹ́kẹ́.
Ìyá Ṣàbí ṣì gbé e mọ́ etí, ojú rẹ̀ sí ìlà-oòrùn,
ó ń mi orí, ó ń sọ pé, "Ẹ̀n-ẹ́n. Ẹ̀n-ẹ́n."
N kò sọ fún un pé ó ti gé.