Ẹsẹ̀ Tútù

Ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná kú ní alẹ́ ọjọ́ Ajé,
nínú oṣù kìn-ín-ní, ní Hull,
tí afẹ́fẹ́ odò Humber ń ti ojúlé dé ojúlé
bí ẹni tó ń sin gbèsè kiri.

Kó tó kú, báyìí la ṣe ń gbé:
èmi ní ọ̀tún, Fọlárìn ní òsì,
ẹ̀yìn kọ ẹ̀yìn,
ìmọ́lẹ̀ kékeré lójú tèmi, ìmọ́lẹ̀ kékeré lójú tirẹ̀.
Bí mo bá se oúnjẹ tán, mo máa ń tẹ̀ ẹ́ ránṣẹ́ láti kíṣìnnì:
"Oúnjẹ ti wà nílẹ̀."
Àwòrán àtàǹpàkò ló fi ń dá mi lóhùn.
Àtàǹpàkò! Ọkùnrin tó jẹ́ pé nígbà tó ń fẹ́ mi ní Ìlá,
ó lè fi wákàtí kan gbáko ṣàlàyé
ìdí tí òun fi pẹ́ ìṣẹ́jú mẹ́wàá.

Mo mọ orúkọ ọmọ tuntun tí obìnrin kan bí ní Kánádà,
obìnrin tí n kò fojú kàn rí.
N kò mọ̀ pé eyín ń dun ọkọ mi.
Ojú fóònù ni mo ti kà á,
níbi tó ti ń bi àwọn àjèjì léèrè oògùn.

Lálẹ́ ọjọ́ náà, a wọ súwẹ́tà lé súwẹ́tà,
a kó búláńkẹ́ẹ̀tì, ìró ìyá mi, jákẹ́ẹ̀tì iṣẹ́ mi bora.
Òtútù ò gbẹ̀bẹ̀.
Ọwọ́ tó ń di fóònù mú sá wọ abẹ́ itan.
Nígbà tó di bí aago kan,
nǹkan kan kàn mí lọ́rùn ẹsẹ̀,
ó tutù bí ẹja inú yìnyín.
Mo ké. Ó rẹ́rìn-ín.
"Má bínú, ẹsẹ̀ mi ni,"
bí ẹni ń fi àlejò hàn mí.

Mo fi àtẹ́lẹsẹ̀ mi méjèèjì há tirẹ̀ mọ́.
A sọ̀rọ̀ eyín. A sọ̀rọ̀ owó ilé.
A sọ̀rọ̀ bàbá rẹ̀ tó ti kú,
tó máa ń dá rédíò lóhùn bí ẹni pé rédíò ń gbọ́.
Fóònù tàn lórí tábìlì, ó kú, ó tún tàn.
Kò sẹ́ni tó yọwọ́ nínú ooru.

Ní Ọjọ́bọ̀, òyìnbó kan gbé àpótí irinṣẹ́ dé.
Ogún ìṣẹ́jú, ó ti tún un ṣe.
Ilé gbóná. Kálukú padà sí etí bẹ́ẹ̀dì tirẹ̀.

Fọlárìn ń ráhùn báyìí pé owó wa wọgbó,
pé ẹ̀rọ náà tún ti ń ṣe ségesège lóru.
N kò fèsì.
Bó bá di aago mọ́kànlá, màá ní mo fẹ́ mu omi.
Màá sọ àtẹ̀gùn kalẹ̀ láì tan iná,
màá yí bọ́tìnnì yẹn sẹ́yìn, díẹ̀díẹ̀,
títí yóò fi dákẹ́.