Àmì Lára Òpó Ilẹ̀kùn

Yìnyín ọdún náà kò mọ ìgbà tí àlejò ń dìde.
Oṣù Kẹrin lọ, ó jókòó sórí òkè.
Oṣù Karùn-ún wọlé, a fa àsíá Nọ́wè sókè,
ó ṣì na ẹsẹ̀,
funfun, wúwo, bí ẹni tó sanwó ilé sílẹ̀.
Torbjørg wo òkè láti ojú fèrèsé ìdáná,
ó ní, "Ìyẹn máa bọ̀ wá sílẹ̀.
Ọ̀nà tó máa gbà ni n kò mọ̀."

Ọ̀nà ilé wa ló gbà.

Afẹ́fẹ́ gbígbóná fẹ́ lálẹ́ ọjọ́ Ìṣẹ́gun.
Òjò tẹ̀ lé e. Kì í ṣe òjò tó ń pariwo:
òjò wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, ọ̀sán òun òru, ọjọ́ mẹ́ta,
òjò tó mọ iṣẹ́ rẹ̀.
Odò tó bá gbàgbé orísun, gbígbẹ ló ń gbẹ.
Odò Rausa ò gbàgbé;
orísun fúnra rẹ̀ ló kó ẹrù sọ̀kalẹ̀ wá bá a.

Òkúta kan wà létí odò, lẹ́yìn ilé màlúù Eivind,
tí àwọn baba ńlá wa fi irin gbẹ́ àmì omi sí:
igba ọdún ó lé, àmì mẹ́rin.
Èyí tó ga jù ga ju orí mi lọ.
Nígbà tí mo wà lọ́mọdé, a máa ń fi rẹ́rìn-ín,
a ní ẹni tó gbẹ́ ẹ ti mutí yó,
tàbí orí ẹṣin ló wà.
Ní aago mẹ́rin ìdájí ọjọ́ Ẹtì
mo tan tọ́ọ̀ṣì síbẹ̀, n kò rí òkúta.

Omi ò gba ẹnu ọ̀nà wọlé.
Ihò ìdaminù inú àjà ilẹ̀ ló gbà,
ó gbé ọ̀dùnkún dìde, ó gbé ìgò èso,
ó gun àtẹ̀gùn lọ́kọ̀ọ̀kan
bí àgbà tí orúnkún ń dùn.

A lé màlúù gba ojú irin rélùwéè nínú òkùnkùn.
Mẹ́tàlélógún. Eivind kà wọ́n. Ó tún kà wọ́n.
Ó pe orúkọ èyí tí kò sí: Staslin, Staslin,
títí ohùn rẹ̀ fi di ti ẹlòmíràn.
Ìdì koríko tí a fi ọ̀rá funfun wé
sì ń léfòó kọjá, ọgọ́rùn-ún, igba,
bí ẹyin ẹyẹ kan tí ẹnikẹ́ni ò fẹ́ pàdé ìyá rẹ̀.

Àgbàrá ò lóun ò nílé wó,
onílé ni ò ní gbà fún un.
Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wá wo onílé yìí,
ẹni ọdún mọ́kànlélọ́gọ́rin, nínú ọkọ̀ ojú omi panápaná,
ó gbé aago ògiri lé itan,
ó ń bínú sí ọmọkùnrin tó ń tukọ̀
pé ó gba orí ebè àlùbọ́sà òun kọjá.

Ọjọ́ mọ́kànlá kí omi tó fà.
Ó fi ẹrẹ̀ sílẹ̀, ó fi ẹja kan sínú ààrò.
A bá òkúta náà nísàlẹ̀ pápá,
ó dojú bolẹ̀, àmì mẹ́rẹ̀ẹ̀rin wà lábẹ́.
Èèyàn mẹ́fà ò lè yí i padà.

Eivind ní ká gbẹ́ òmíràn.
Torbjørg ò dáhùn. Ó wọlé tòun ti bàtà rọ́bà,
ó lọ bá òpó ilẹ̀kùn ìdáná
níbi tó ti ń fi ọ̀bẹ sàmì gíga àwọn ọmọ rẹ̀
lọ́dọọdún: Sigrid, Halvard, Åsne.
Ìlà ẹrẹ̀ náà tọ́ gbọọrọ yí ògiri ká.
Ó fi ìka tọ̀ ọ́ dé ibi òpó.
Ó wọ awò ojú rẹ̀.

"Ó ga tó Sigrid," ó wí,
"nígbà tó pé ọmọ ọdún mẹ́sàn-án.
Ọdún yẹn gan-an ni ò fẹ́ gbọ́ràn."

Ó ní kí n bá òun wá ọ̀bẹ.
Gbogbo ọ̀bẹ ilé ti bá omi lọ.
Mo fún un ní kọ́kọ́rọ́ mọ́tò mi.