Ẹnì Kan Lẹ́ẹ̀kan

Agogo mẹ́ta ọ̀sán lásán, ilẹ̀ ti ṣú ní Oulu.
Yìnyín ń bọ́ lójú fèrèsé bí ẹni ń gbọn ìyẹ̀fun nù lọ́wọ́.
Mo jókòó ti kọ̀ǹpútà, mo ń ra ìwé
tí n kò ní fọwọ́ gbé, tí n kò ní gbóòórùn rẹ̀,
tí eruku kò ní bà lé láéláé.

Nígbà tí Pirjo wà nípò yìí, páálí ló máa ń dé.
Á fọ̀bẹ là á, á gbé ìwé sókè, á fimú sáàárín rẹ̀,
á lu òǹtẹ̀ ilé ìkàwé mọ́ ojú ewé kìíní: pàà!
Ó parí. Ìwé ti di tiwa.
Bí ẹni tó tà á kú, bí ilé iṣẹ́ rẹ̀ wọ gbèsè,
ìwé ò mọ̀. Ìwé wà lórí pẹpẹ.

Tèmi, àdéhùn ni mo ń kà, ojú ewé mọ́kàndínlógójì.
Hedvig ló fi ránṣẹ́ láti Stockholm,
ohùn rẹ̀ tutù, ó ya ẹ̀rín sí ìdí lẹ́tà.
Ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan, ọgọ́fà yúrò.
Ẹni mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan, igba ó lé mẹ́wàá.
Gbogbo èrò lẹ́ẹ̀kan náà —
ẹ jẹ́ ká sọ ìyẹn lórí fóònù.

Ogún ojú ewé ni akẹ́kọ̀ọ́ lè tẹ̀ jáde;
ìkọkànlélógún, èèwọ̀.
Bí a bá sì san owó àpapọ̀,
ẹgbẹ̀rún lọ́nà ọgọ́rùn-ún ìwé á ya wọlé lóru ọjọ́ kan,
ayálégbé ni gbogbo wọn.
Ọdún á yí, onílé á kó igba jáde láìkanlẹ̀kùn,
èmi ni n ó máa pa orúkọ wọn rẹ́ lọ́kọ̀ọ̀kan
nínú kátálọ́ọ̀gì, bí ẹni ń ka òkú.
Ṣòkòtò àgbàbọ̀: bí kò fún ni lẹ́sẹ̀, a ṣo ni.

Mo ra ìwé àwọn nọ́ọ̀sì,
bí a ṣe ń wọn oògùn fún ọmọ ọwọ́.
Ẹnì kan lẹ́ẹ̀kan. Ibi tí owó wa dé nìyẹn.

Ní òwúrọ̀ ìdánwò, mo ṣí àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ:
ẹ̀ẹ̀mẹ́tàléláàádọ́ta ni wọ́n kanlẹ̀kùn lóru,
ẹ̀ẹ̀mẹ́tàléláàádọ́ta ni a ní kí wọ́n padà.
Ẹnì kan ṣoṣo ló wà nínú ilé,
láti agogo mẹ́sàn-án alẹ́ títí ilẹ̀ fi mọ́.
Ẹ̀rọ kò sọ orúkọ rẹ̀ fún mi, kò sì yẹ kó sọ ọ́.
Mo bú u lábẹ́ eyín. Mo bú Hedvig. Mo bú ara mi.

Ọjọ́ Ẹtì, ọmọkùnrin kan wá sí ìdí káńtà,
yìnyín ṣì wà ní èjìká rẹ̀, ó ní Eetu lòun ń jẹ́.
“Èmi ni mo yá a. Mo sùn lọ
lójú ewé ìkẹrìnléláàádọ́rin.
Àwọn ẹgbẹ́ mi ń ṣépè lórí fóònù fún ẹni tó há ìwé mọ́wọ́,
mo jí, èmi náà bá wọn ṣépè
kí n tó mọ̀ pé èmi ni.
Èló ni owó ìtanràn?”

Mo ní kò sí. Ìwé yìí kì í pẹ́ lọ́wọ́ ẹni,
bí àkókò bá pé, á dá ara rẹ̀ padà.
Ó wò mí bí ẹni tí a rẹ́ jẹ.
Ó fi yúrò méjì lélẹ̀, ó fa fìlà bo etí, ó lọ.

Mo wá gbogbo ojú ewé ìṣírò wa,
kò sí àyè kankan tí mo lè kọ ọ́ sí.
Ó wà nínú dúrọ́ọ̀ mi síbẹ̀,
lábẹ́ òǹtẹ̀ Pirjo, tí tàdáwà rẹ̀ ti gbẹ.
Mo kọ̀wé sí Hedvig nítorí ẹni mẹ́ta lẹ́ẹ̀kan.
Ó fèsì kíákíá, pẹ̀lú ẹ̀rín:
owó ti lé láàná.