Ulé

Wọ́n ní ìṣẹ́jú méje ni mo fi di bọ́ọ̀lù yẹn mú
lẹ́yìn tí mi ò sí nínú ara mi mọ́.
Orúnkún ọmọ Ìkẹ́rẹ́ kan ló bá mi ní ẹ̀bátí,
nínú òjò, ní pápá Adó, ó ku díẹ̀ kí fèrè ìparí dún.
Gòólù ò wọlé.
Ẹ bá mi kọ ìyẹn sílẹ̀ kí n tó gbàgbé:
gòólù ò wọlé.

Dókítà gbé fọ́tò orí mi kọ́ sójú iná,
ó fi bírò tọ́ka síbi tí ẹ̀jẹ̀ ti ṣe adágún.
Ó ní, "Ìbíwùmí, bọ́ọ̀lù ti tán."
Ọ̀rọ̀ ló tán lẹ́nu mi ní tèmi.
Mo pe ṣíbí ní ilẹ̀kùn. Mo pe ẹ̀gbọ́n mi ní Mọ́ńdè.
Tí mo bá fẹ́ bèèrè omi, ahọ́n mi á fò sápá ọ̀tún,
bọ́ọ̀lù á gba apá òsì kọjá.

Wọ́n gbé mi padà sí Ẹ̀fọ̀n,
níbi tí òkè ti yí ìlú ká bí ọwọ́ tó bo fìtílà.
Yèyé mi àgbà kò mọ̀wé, kò mọ orúkọ àìsàn mi.
Ó jókòó tì mí, ó ń bó gbágùúdá,
ó ń na ọ̀bẹ sí ògiri, sí àjà, sí ẹnu ọ̀nà,
ó ń bi mí pé kí ni.
Lọ́jọ́ kọkànlá, ó jáde:
"Ulé."

Kì í ṣe ilé. Ulé.
Ọ̀rọ̀ tí tíṣà fi ẹgba lé kúrò lẹ́nu mi ní kíláàsì kejì.
Àṣé kò lọ. Abẹ́ ibùsùn ló sá sí,
tó ń dúró kí àwọn àlejò lọ tán.
Uṣu tẹ̀lé e. Ugi. Ugbó. Ulẹ̀.
Ọ̀rọ̀ ẹlẹ́sẹ̀ eruku, ọ̀kọ̀ọ̀kan,
bí ewúrẹ́ tó ń wọlé nírọ̀lẹ́.
Yèyé rẹ́rìn-ín títí ó fi gé ara rẹ̀ lọ́wọ́.

N kò ní parọ́: mo kórìíra gbogbo ẹ̀yin tẹ́ ẹ lè sáré.
Ọdún kan gbáko, mi ò gba ọ̀nà pápá kọjá.
Ìbọ̀wọ́ mi wà lórí ìṣó,
aláǹtakùn ń gbé inú àtàǹpàkò rẹ̀.

Ọsibítù ni mo ti bá Bàbá Fálúyì pàdé,
télọ̀ tó rán aṣọ sùkúrù gbogbo wa.
Rọpárọsẹ̀ ti fa ẹnu rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.
Àwọn ọmọ rẹ̀ ń pariwo mọ́ ọn bí ẹni pé adití ni:
"Ẹ sọ pé ilé! Bàbá, ẹ sọ pé iṣu!"
Omi ń dà lójú rẹ̀. Mo mọ omi yẹn.
Ọ̀rọ̀ ń kọjá níwájú ẹni, ọwọ́ ò tó o.
Mo kúnlẹ̀, mo rọ ohùn sílẹ̀
bí ẹni tó ń yí bọ́ọ̀lù sọ́mọdé:
"Bàbá, u..."
Ó gbójú sókè.
"Uṣu," ni ó wí, ó wá di ọwọ́ mi mú.

Ọjọ́bọ̀-Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń wá báyìí,
márùn-ún, nígbà mìíràn mẹ́jọ, sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ Yèyé.
Ìyá kan láti Ìdó-Ilé.
Ọmọkùnrin kan tí ọ̀kadà gbé ṣubú lọ́nà Ìwàràjà.
Mi ò gbowó. Iṣu tí wọ́n bá gbé wá,
wọ́n gbọ́dọ̀ pè é kí n tó gbà á.
Mi ò mọ orúkọ tí wọ́n ń pe irú iṣẹ́ yìí.
Mo kàn ń dúró láàárín òpó méjì,
mo ń wo ojú wọn,
mo ń wo ibi tí ọ̀rọ̀ fẹ́ gbà yọ.

Orí ṣì ń fọ́ mi tí oòrùn bá mú.
Tí fèrè bá dún láti pápá, orúnkún mi á tẹ̀ fúnra rẹ̀.
Lánàá, Bàbá Fálúyì fẹ́ pe orúkọ mi.
Ó wá a, ó wá a, ó lu àyà.
"Abẹ́rẹ́," ni ó pè mí.
Mo jẹ́ ẹ.