Gúùdù, Bẹ́tà

Iṣẹ́ mi ni kí n máa to ewé ìwé jọ ní Ṣómólú,
láti ojú ewé kìíní dé ìkẹrìndínlógún,
kí n ká a, kí n tẹ̀ ẹ́ pẹrẹsẹ, kí n fi irin gún un lẹ́yìn.
Ìwé Gẹ̀ẹ́sì là ń tẹ̀ lóṣù yìí.
Èyí tí tádàwà bá dà lé lójú, ọ̀gá ní kí n sọ ọ́ nù.
N kò sọ ọ́ nù.
Mo ká a sábẹ́ abọ́ oúnjẹ mi, ó di ìwé mi.

Alẹ́ Ọjọ́rú, alẹ́ Ọjọ́bọ̀,
mo jókòó sórí bẹ́ńṣì àwọn ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ ní Pẹ́dírò,
orúnkún mi ń ti tábìlì sókè,
èmi, ẹni ọdún mẹ́tàlélógójì.
Tíṣà Adéṣípẹ̀ fi ṣọ́ọ̀kì kọ ọ́ sójú pátákó:
gúùdù, bẹ́tà, bẹ́ẹ̀sì.
A kà á bí ẹni ń ka owó oṣù tí kò pé.

Mo nawọ́ sókè. Mo ní, Tíṣà, ta ló jù?
Lédè tiwa, bó o bá ní o ga jù,
wọ́n á ní, ju ta ni?
O gbọ́dọ̀ dárúkọ ẹni náà,
kó lè wá bá ọ jà bó bá fẹ́.
Òyìnbó á ní òun "tọ́là", á panu mọ́,
á fi ẹni kúkúrú sílẹ̀ lẹ́yìn ilẹ̀kùn.
Tíṣà rẹ́rìn-ín. Ó ní, ó ń bọ̀ lójú ewé tó kàn, Arábìnrin Àbẹ́fẹ́.
Ojú ewé tó kàn kò sí nínú tèmi.
Èyí tó bàjẹ́ nìkan ni mo ní.

Ó pupa fòò: fẹ́rì.
Ó dúdú kirikiri: fẹ́rì.
Ó tutù nini, ó ga fíofío,
fẹ́rì náà ni, fẹ́rì náà ni.
Ṣíbí kan ṣoṣo ni wọ́n fi ń bu gbogbo ọbẹ̀.

Lẹ́yìn náà ló wá kan "lì",
ìrù tí wọ́n ń so mọ́ ọ̀rọ̀ nídìí kó lè rìn.
Sílóò, sílóòlì. Kúíìkì, kúíkìlì.
Inú mi dùn sí i. Mo so ó mọ́ gbogbo ohun tí mo rí.
Nígbà tí ilé ìtẹ̀wé ńlá kan ní Ìlúpéjú pè mí,
ọkùnrin onítáì bi mí bí mo ṣe ń ṣiṣẹ́ sí.
Mo na àyà. Mo ní,
"Áì wọ́ọ̀kì háádìlì."
Ó yọ dígí ojú rẹ̀, ó nù ún, ó tún fi í sójú.
Ilé Tíṣà ni mo dé kí n tó mọ̀
pé mo ti fẹnu ara mi sọ pé n kì í sábà ṣiṣẹ́.
Ìka mẹ́ta tí irin ti gún
wà lórí itan mi nígbà tí mo ń sọ ọ́.
Ẹnikẹ́ni kò bi wọ́n.

Lálẹ́ àná, ó ní ká kọ gbólóhùn kan, kó jẹ́ òótọ́.
Mo ro ti ẹsẹ̀ ìyá mi tó wú láti ìgbà ọyẹ́,
tó ti ń rìn dé ẹnu gétì báyìí láìdi ògiri mú.
Mo kọ ọ́ pé ó "gúùdà" ju ti àná lọ.
Bẹ́ẹ̀ ni, "ju" ni mo kọ. Bírò ló yọ̀ ọ́ sílẹ̀.
Tíṣà fa ìlà pupa sábẹ́ rẹ̀,
ó kọ "bẹ́tà" sí i lókè.
Ó gbé bírò dúró díẹ̀,
ó ní, ṣé ó ti lè gun àtẹ̀gùn?
Mo ní, kò tíì.

Iná ti lọ nígbà tí mo délé.
Ìyá mi gba bébà náà lọ́wọ́ mi, kò mọ̀wé kà,
ó ní kí n tan tọ́ọ̀ṣì sí i.
"Èwo lẹsẹ̀ mi níbẹ̀?"
Mo fìka tọ́ka sí èyí tí Tíṣà kọ.
Ó wò ó, ó wò ó.
Ó ní, "Ó mà kéré o."