Ojú Wo Lọ̀rọ̀ Wà?

Aago mẹ́fà ku díẹ̀ ní Kafanchan,
ọyẹ́ ti fi eruku kun ojú ọ̀run.
Hàlílù ti dáná sábẹ́ kẹ́tùlù,
èmi náà ti kúnlẹ̀ sẹ́bàá bẹ́ńṣì rẹ̀,
kámẹ́rà àlòkù lọ́rùn mi,
lẹ́ǹsì tó ní ìlà kan lójú bí irun,
tí mo fi owó oṣù méjì rà lọ́wọ́ ará Jọ́ọ̀sì kan.
“Mai hoto,” ó ní, “tíì ni àbí fọ́tò?”
Mo ní kó bu méjèèjì fún mi.

Bí nọ́ńbà bá ṣe ń pọ̀ lára lẹ́ǹsì ni ihò rẹ̀ ń kéré.
Ó gba ọ̀sẹ̀ mẹ́ta kí n tó gbà.
Méjì: ó là gbàgà bí ẹnu ọmọ tó ń ké.
Mẹ́rìndínlógún: ó sún kì bí ojú abẹ́rẹ́.
Ta ló kọ́ wọn níṣirò?

Hàlílù ń da tíì láti ife dé ife,
apá ọ̀tún lókè, tòsì nísàlẹ̀, bí ẹni ń wọn aṣọ.
Mo ní kí kámẹ́rà ṣẹ́jú wàrà:
tíì dúró lófuurufú, ó di ìlẹ̀kẹ̀,
mo lè kà á lẹ́yọ lẹ́yọ.
Mo ní kó ṣẹ́jú bí àgbà tó ń tòògbé:
tíì di aṣọ,
Hàlílù di èéfín tó dé fìlà.
Ó wò ó, ó rẹ́rìn-ín títí tó fi da mílíìkì nù.
“Wàlláhì, o ti pa mí!”

Eruku kì í ṣe ọ̀tá. Mo kọ ìyẹn sínú ìwé.
A máa sẹ́ oòrùn bí ẹni ń sẹ́ ògì,
èèrí a kù lókè,
èyí tó kúnná a bọ́ sójú ènìyàn.
Ṣùgbọ́n ẹ má ya ẹnikẹ́ni lọ́sàn-án gangan;
ọ̀sán a máa gbẹ́ kòtò sábẹ́ ojú,
a sọ ìyàwó àṣẹ̀ṣẹ̀gbé di ìyá ọkọ.

Mo yí òrùka lẹ́ǹsì: agolo mílíìkì mọ́ gaara,
Hàlílù di ìkùukùu.
Mo tún yí i díẹ̀: imú mọ́, ojú ò mọ́.
Ibi tí lẹ́ǹsì yìí lè mọ̀ dájú lẹ́ẹ̀kan
kò fẹ̀ ju èékánná lọ. Mo mí, mo pàdánù rẹ̀.
Ojú lọ̀rọ̀ wà, là ń wí nílé wa.
Ojú wo? Ti Hàlílù, ti lẹ́ǹsì, àbí tèmi?

Láàárọ̀ òní mo yọ fọ́tò ìyá mi lápò.
Ibùdó ọkọ̀ ojú irin, ibi tí mo kúnlẹ̀ sí yìí gan-an,
a kò tí ì bí mi.
Àwẹ̀ró dúró, ó di èéfín tó wé gèlè.
“Ìyá rẹ kì í dúró jẹ́ẹ́,” ni bàbá mi máa ń wí, “ó mira ni.”
A gbà á gbọ́. Òun náà gbà á gbọ́ títí tó fi kú.

Mo gbé e sún mọ́ iná, mo wò ó bí oníṣẹ́.
Ẹni tó bá mira, ara rẹ̀ a fà sí ẹ̀gbẹ́ kan.
Ara Àwẹ̀ró kò fà. Ó rọ̀ ni, yíká,
bí búrẹ́dì tó bọ́ sínú tíì.
Lẹ́yìn rẹ̀, lára ọkọ̀ ojú irin,
mo ka nọ́ńbà: ọ̀kan, òdo, mẹ́rin, méje.
Mo ka ìṣó. Mẹ́sàn-án, lẹ́bàá ilẹ̀kùn.

Bàbá mi, òṣìṣẹ́ Rélùwéè.
Ìyá mi ò mira.

Hàlílù béèrè ohun tó ṣe mí. Mo ní èéfín ni.
Mo gbé kámẹ́rà, mo wá ẹyinjú rẹ̀ ọ̀tún.
Ọkọ̀ kankan ò kọjá lẹ́yìn rẹ̀, koríko ti bo irin.
“Má mira,” mo fẹ́ wí.
Mo gbé e mì.
“Mira bó bá wù ọ́,” mo ní. “Ọwọ́ mi lẹjọ́ wà.”