Ihò Tuntun Lára Ìgbànú

Ní Kúbwà, kí oòrùn tó yọjú lẹ́yìn òkè,
mo ti ki ẹsẹ̀ bọ bàtà kánfáàsì.
Ìyàwó mi ń díbọ́n pé òun ń sùn.
Ó ti rí mi tí mo bẹ̀rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹrin,
ó ti rí mi tí mo padà sídìí burẹ́dì.

Ọ̀rọ̀ ọmọ ló lé mi jáde lọ́tẹ̀ yìí.
Èmi àti Àrínọlá jọ gun àtẹ̀gùn, àjà kẹta péré,
ó dúró dè mí lókè, ó gbọ́wọ́ lé ìbàdí:
"Dádì, ṣé jẹnẹrétọ̀ wà nínú yín ni?"
Mo rẹ́rìn-ín.
Mi ò rí èémí tí mo máa fi rẹ́rìn-ín ọ̀hún parí.

Kílò mẹ́rìndínlọ́gọ́fà.
Nọ́ọ̀sì ò tilẹ̀ gbójú sókè,
ó kọ ọ́ sílẹ̀ bí ẹni ń ka àpò sìmẹ́ǹtì.

Mo wá ń rìn, láti géètì wa dé ibùdó ọkọ̀ ojú irin.
Ọyẹ́ ń ta mí létí, eruku pupa ń bá mi kẹ́gbẹ́.
Láràbá ti ń dín kósáì lẹ́gbẹ̀ẹ́ títì,
òórùn kósáì a sì máa mọ orúkọ ènìyàn:
ó pè mí ní orúkọ tí ìyá mi ń pè mí.
Mo dáhùn nínú. Ẹsẹ̀ mi ò dúró.

Oṣù kìíní, kílò mẹ́ta lọ. Ó kù díẹ̀ kí n jó.
Oṣù kejì, kílò kan.
Wọ́n ní díẹ̀ díẹ̀ nimú ẹlẹ́dẹ̀ ń wọgbà;
tèmi ti wọlé tán, jíjáde ló ń dà mí láàmú.
Oṣù kẹta, òṣùwọ̀n dákẹ́
bí onígbèsè tó gbóhùn olówó lẹ́nu ọ̀nà.
Mo bọ́ aago, mo bọ́ òrùka ìgbéyàwó,
mo tún gùn ún.
Kò mira.

Ọjọ́ yẹn ni mo jẹ súyà.
Kí n má purọ́: igi mẹ́jọ, pẹ̀lú àlùbọ́sà àti yájì,
nínú ọkọ̀, mo wé gíláàsì sókè,
mo ti ìwé ìròyìn rẹ̀ bọ abẹ́ àga bí olè.
Ọjọ́ méjì mi ò jáde.
Ikùn tí mo fi ogún ọdún kọ́,
ta ló ní oṣù mẹ́ta ni n ó fi wó o?

Láàárọ̀ ọjọ́ kẹta, mo ń múra ibi iṣẹ́,
ṣòkòtò ń yọ̀ lọ sílẹ̀.
Mo fa ìgbànú dé ihò ìkẹyìn, ó ṣì ń yọ̀.
Ohun tí òṣùwọ̀n kọ̀ láti sọ,
ṣòkòtò ti ń rò ó lẹ́jọ́.

Kọ́, kọ́, kọ́:
Málàm Ṣúáíbù aránbàtà ń lu àpótí rẹ̀ kọjá.
Mo ké sí i. Ó gbé ìṣó lé awọ,
ó fi òòlù kàn án lẹ́ẹ̀kan,
ihò jáde, roboto, kò ju ojú ẹyẹ lọ.
"Ọ̀gá," Yorùbá rẹ̀ ń tiro díẹ̀, "ara ò yá ni?"
Mo ní rárá o, mò ń rìn ni.
Ó wo bàtà tirẹ̀, tó ń rìn láti ìdájí títí dalẹ́,
ó wo ikùn mi,
ó gbé ohun tó wà lọ́kàn rẹ̀ mì.
"Bó o bá fẹ́ òmíràn, Ọjọ́rùú ni mo máa ń gba ibí."

Ìgbà ń lọ, ìgbànú ń sún.
Ẹ̀bà ṣì ń wá ọwọ́ mi kiri lálẹ́.
Lánàá mo gun àtẹ̀gùn, mo dúró lẹ́ẹ̀kan péré,
mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ bí ẹni tí okùn bàtà rẹ̀ tú.
Àrínọlá wò mí. Sálúbàtà ni mo wọ̀.
"Jẹnẹrétọ̀ náà ti kéré sí i, Dádì."

Ọ̀la ni Ọjọ́rùú.
Mi ò tíì nílò ihò.
N ó kàn dúró lẹ́nu géètì, kó rí mi.